Èémí Tí A Kò Kà ní Wọ́ọ̀dù Wa

Ó ti di ọdún mélòó kan báyìí, lẹ́yìn tí àrùn kòrónà rọlẹ̀, tí àwa nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin fi ọjọ́ mẹ́sàn-án yan iṣẹ́ lódì. Èmi ni alága ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa nígbà náà. Àwọn nọ́ọ̀sì tó gba iṣẹ́ lẹ́yìn wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní ìpàdé wọn, wọ́n tilẹ̀ ti kọ ọ́ sára ìwé ìkéde pé màá wá ròyìn ìṣẹ́gun ńlá wa. Mo ní mi ò wá. Mo ní màá kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ kà á kà á. Bí mo bá dúró síwájú èrò tó ń pàtẹ́wọ́ fún mi, n kò ní lè sọ òótọ́. Mo mọ ara mi, mo fẹ́ràn àtẹ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lára ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rófíà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ọmọ Ìwó ni ìyá rẹ̀, ó ń ta mílíìkì, ṣúgà, bisikíìtì àti ọṣẹ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Alákijà, Ìyá Rófíà náà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí Rófíà, ó bí ọmọbìnrin. Ní ọjọ́ Àìkú, ara rẹ̀ gbóná díẹ̀. Nígbà tó máa fi di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ara náà ti tutù, inú wa sì dùn pé ibà ti lọ.

Nọ́ọ̀sì méjì péré ló wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà fún aláìsàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, èmi àti Tósìn. Ọmọ tí wọ́n bí sí Festac, tí wọ́n tọ́ dàgbà níbẹ̀ ni Tósìn. Ó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó lọ́yàyà, ọwọ́ rẹ̀ yá, kì í sì í jiyàn. Kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́. Ká sọ tòótọ́, òun nìkan ló wà nínú wọ́ọ̀dù, nítorí pé èmi jókòó sínú yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mò ń kọ lẹ́tà ẹgbẹ́ sí àwọn aláṣẹ. Kí ni lẹ́tà náà dá lé? Pé nọ́ọ̀sì kò tó lẹ́bàá aláìsàn. Ẹ lè rẹ́rìn-ín bó bá wù yín.

Ohùn Ìyá Rófíà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ látinú yàrá yẹn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó. Ó ń mí hẹlẹ bí ẹni tó sáré dé."

Tósìn dá a lóhùn pé, "Màmá, ara rẹ̀ ti tutù, ibà ti lọ nìyẹn. Ojú iṣẹ́ abẹ ló ń dùn ún. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

"Mo ní ó ń mí hẹlẹ ni. Èmi ni mo bí i o."

"Mo ti gbọ́, mà. Mò ń bọ̀."

Ó padà síbẹ̀ lóòótọ́. Ó fi ẹ̀rọ wo bí ara ṣe gbóná tó, ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ó mú ṣáàtì, ìwé tí à ń kọ ipò aláìsàn sí, ó sì kọ ọ́ síbi tí wọ́n ní kí á kọ iye èémí sí pé: ogún.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí n la ogún yìí yé yín. Bí èèyàn bá fẹ́ mọ iye ìgbà tí aláìsàn ń mí láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sí ọgbọ́n méjì ju kó dúró, kó wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò, kó wo aago ọwọ́, kó sì kà. Odindi ìṣẹ́jú kan ni. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń bá wa ṣe é ní wọ́ọ̀dù wa. Ìṣẹ́jú kan lọ́nà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kì í ṣe kékeré fún nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, nítorí náà, láti ìgbà tí èmi fúnra mi ti gba iṣẹ́, ogún ni à ń kọ. Ogún ni ti arúgbó, ogún ni ti abiyamọ, ogún ni ti ẹni tó fẹ́ lọ sílé lọ́la. Nọ́mbà tí kì í kó bá ẹnikẹ́ni ni. Bí dókítà bá rí i, kò ní béèrè nǹkan kan.

Ta ló kọ́ Tósìn? Èmi ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró ti ibùsùn ìyá kan, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Mo kọjá, mo ní, "Tósìn, ṣé ibẹ̀ lo fẹ́ sùn ni? Kọ ogún, jẹ́ ká máa lọ." Ó rẹ́rìn-ín, ojú tì í díẹ̀, ó sì kọ ọ́. N kò rí i kó ka èémí ẹnikẹ́ni mọ́ láti ọjọ́ náà.

Dókítà dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Orí tábìlì ló ti ka ṣáàtì Rófíà, nítorí pé wọ́n ń dúró dè é ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Ara tutù, èémí ogún. Ó ní, "Èyí ń gbádùn," ó sì bọ́ sórí ẹlòmíràn. Ìyá Rófíà gbìyànjú láti sọ̀rọ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó ní kó fọkàn balẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, ìyá náà wá bá mi nínú yàrá tí mo wà. Kò kan ilẹ̀kùn. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì àgbà, Rófíà ń pè mí ní Àǹtí Rìsí. Àbúrò mi tó wà ní Ìwó ni Rìsí. Ọmọ mi ò dá mi mọ̀ mọ́." Mo ju bírò sílẹ̀. Mo dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, mo di ọwọ́ Rófíà mú, ọwọ́ náà tutù, ó sì rin fún òógùn bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú yìnyín. Mo wo àpò ọ̀rá tí ìtọ̀ rẹ̀ ń dà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ìtọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì dúdú. Mo gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀, mo wo aago, mo kà. Méjìdínlógójì.

Ohun tí àwa nọ́ọ̀sì ń pè ní sẹ́písíìsì ni. Àkóràn kan ti gba ojú iṣẹ́ abẹ tàbí inú ilé ọmọ wọlé, ara sì ń bá a jà débi pé ó ti ń ba ara rẹ̀ jẹ́: ẹ̀jẹ̀ kò ní lọ síbi tó yẹ mọ́, kíndìnrín á dákẹ́, ọpọlọ á dàrú. Ó máa ń fi àmì hàn kó tó dé ibẹ̀. Èémí á kọ́kọ́ yá. Ọkàn á máa lù kìkì, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á tutù, ọ̀rọ̀ á di wótowòto. Ara gbígbóná nìkan kọ́ ni àmì rẹ̀. Ara tó gbóná lánàá tó wá ṣàdédé tutù lónìí lè burú jù ú lọ, àwa sì ń dúpẹ́ lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá tètè rí i, tí wọ́n fa oògùn sí i lára láàárín wákàtí kan pẹ̀lú omi, ọ̀pọ̀ ló ń yè é. Bó bá pẹ́, ilẹ̀ ti ṣú.

Mo fa omi sí i lára, mo fún un ní afẹ́fẹ́, mo sì ránṣẹ́ sí dókítà. Ó wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ikùn obìnrin mìíràn. Mo sáré lọ sí ilé oògùn. Mo mọ orúkọ oògùn tí mo fẹ́, mo ti fa á sára èèyàn ju bí mo ṣe lè kà lọ. Obìnrin tó wà níbẹ̀ wò mí tàánútàánú, ó ní, "Síìsítà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sí ìwé dókítà, n ò lè ṣí i fún yín. Wọ́n máa lé mi ni." Kì í ṣe ìkà. Òfin ilé ìwòsàn wa nìyẹn: nọ́ọ̀sì lè rí ikú tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ kan oògùn.

Aago méjì kọjá kí dókítà tó jáde. Ó sáré wá, ó kọ ìwé, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù nígbà tí oògùn wọ iṣan Rófíà. Wọ́n ń pe ìrun Àsárì ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ọgbà nígbà tó dákẹ́. Ìyá rẹ̀ kò pariwo. Ó fi ìborùn rẹ̀ nu òógùn ojú ọmọ rẹ̀, ó sì ń nù ún títí lẹ́yìn tí kò sí òógùn níbẹ̀ mọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn aláṣẹ ti ṣe ìwádìí wọn. Wọ́n dá Tósìn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa òfin oògùn, wọn kò sọ̀rọ̀ nípa nọ́ọ̀sì méjì tó wà nídìí aláìsàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Orúkọ ọmọ tó kéré jù lọ nínú wa ni wọ́n kọ. Inú bí mi gan-an. Tósìn wá bá mi nílé ní Festac lọ́jọ́ tó gba lẹ́tà náà, ojú rẹ̀ ti wú.

Ó ní, "Àǹtí, mi ò kà á. Èémí yẹn, mi ò kà á rárá. Mo fẹ́ lọ sọ fún màmá yẹn. Mi ò lè sùn."

Mo ní, "Má dán an wò. Má sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni. Bí o bá sọ ọ́, o ti fi ọwọ́ ara rẹ kọ ìwé ìléniṣẹ́ rẹ nìyẹn, o sì ti ba ìjà gbogbo wa jẹ́."

"Ṣùgbọ́n mà, òótọ́ ni."

"Ṣé èmi kò mọ̀ pé òótọ́ ni? Lọ sílé. Ẹgbẹ́ wà lẹ́yìn rẹ."

Ó lọ sílé. Ó pa ẹnu mọ́ bí mo ṣe ní kó pa á mọ́. Àwọn èèyàn ń yìn mí títí dòní pé mo dúró ti ọmọ náà bí ìyá. Ẹni tó bá ń yìn mí bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tí mo ṣe fún un lọ́jọ́ yẹn.

A ṣe ìpàdé lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn. A béèrè nǹkan mẹ́ta. Èkíní, kí wọ́n dá Tósìn padà. Èkejì, kí wọ́n gba nọ́ọ̀sì sí i. Ẹ̀kẹta ni èmi fúnra mi kọ, òun nìkan ni mo sì fi tọkàntọkàn kọ nínú gbogbo ìwé tí mo kọ fún ẹgbẹ́: kí wọ́n gbé àpótí oògùn kan sí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ọ̀sì tó bá ka èémí tó sì rí àwọn àmì yẹn lè fa oògùn àkọ́kọ́ láàárín wákàtí kan, kó tó di pé dókítà dé. Wọ́n kọ̀ fún wa. A fi nọ́ọ̀sì díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó wà ní bèbè ikú, àwa yòókù sì jáde.

Ní ọjọ́ kẹta ìyanṣẹ́lódì ni Ìyá Rófíà wá. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ojú wa lọ sílẹ̀, a rò pé ó wá bú wa ni, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ó béèrè ohun tí à ń jà fún, mo sì sọ ọ́ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé orí àpótí oògùn, ó ní kí n tún un sọ.

"Ṣé tí àpótí yẹn bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin fúnra yín lè fún un ní oògùn?"

"A lè fún un, Màmá."

"Èmi ò ní kí wọ́n lé ọmọbìnrin yẹn o. Ọmọ ẹlòmíì náà ni. Àpótí yẹn lèmi ń bá wọn fà. Ẹ fún mi ní páálí kan kí n gbé."

Mo fún un ní páálí tí a kọ ọ́ sí pé kí wọ́n gbé oògùn wákàtí àkọ́kọ́ wá. Ó ní kí n kà á fún òun kí òun tó gbé e. Ojoojúmọ́ ló ń wá láti ọjọ́ náà. A rìn láti ẹnu géètì ilé ìwòsàn dé First Gate ní Festac, a rìn dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, oòrùn ń pa wá, àwọn awakọ̀ ń fun fèrè fún wa, Ìyá Rófíà wà níwájú. Àwọn oníròyìn fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ pé oúnjẹ ara wa nìkan là ń wá nígbà tí ìyá olóògbé wà láàárín wa. Mo mọ bó ṣe wúlò fún wa tó, mo sì máa ń rí i dájú pé iwájú ni wọ́n fi í sí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n pè wá wọlé, èmi àti akọ̀wé wa. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn gbà láti dá Tósìn padà, ó ṣèlérí nọ́ọ̀sì tuntun. Nígbà tó dé orí ìbéèrè kẹta, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Mádáàmù, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì máa fi iye èémí pinnu ìgbà tó máa fa oògùn. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ẹ ṣe ń kà á."

Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó kó ṣáàtì wọ́ọ̀dù mi jáde, ti odindi oṣù kan, ó sì ń tẹ́ wọn sílẹ̀ níwájú mi níkọ̀ọ̀kan. Ogún. Ogún. Ogún. Ogún.

Ó ní, "Ṣé èémí kan náà ni Ọlọ́run ń fún gbogbo èèyàn ní wọ́ọ̀dù yín ni?"

Ó ní bí a bá takú lórí ìbéèrè kẹta, òun náà á gbé àwọn ṣáàtì yìí síta fún àwọn oníròyìn wa tí a fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ́ kúrò, Tósìn á padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́la, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Akọ̀wé wa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì, ó rọra ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká gbà á bẹ́ẹ̀."

Ǹ bá ti sọ fún un pé, bẹ́ẹ̀ ni, a kò kà á, ìdí rẹ̀ nìyí, ẹ fún wa ní èèyàn tó máa kà á, ẹ sì gbé àpótí náà wá. Ká ní mo sọ ọ́ ni, ojú ìbá tì wá, wọn ìbá bú wa káàkiri Èkó, bóyá iṣẹ́ ìbá bọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n àpótí náà ìbá ní ẹsẹ̀ tó lè dúró lé. Mo gba bírò, mo fa ìlà gba orí ìbéèrè kẹta, mo sì fọwọ́ sí ìwé.

Nígbà tí a jáde, wọ́n gbé mi sókè, wọ́n ń kọrin. Ìyá Rófíà dúró ti géètì, páálí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Àpótí yẹn ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n ní àwọn máa gbé e yẹ̀wò, Màmá."

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́," ó sì wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Alákijà.

Ohun tí a jèrè rẹ̀ nìyí: Tósìn padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ṣe oṣù mélòó kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ sílùú òyìnbó. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láti ibẹ̀ pé, "Àǹtí, níbí o, tí èémí bá ti yá jù, nọ́ọ̀sì ló máa kọ́kọ́ pariwo, gbogbo èèyàn á sì sáré dé. Mò ń kà á báyìí, mà. Ìgbà míì mo máa ń sunkún tí mo bá ń kà á." Nọ́ọ̀sì tuntun dé lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti lọ. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, kò tíì sí àpótí ní wọ́ọ̀dù kankan. Lọ́jọ́ ìdágbére mi, mo yọjú sí wọ́ọ̀dù wa àtijọ́, mo ṣí ṣáàtì kan. Ẹ ti mọ ohun tí mo bá níbẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, mo lọ sí Alákijà. Mo bá Ìyá Rófíà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń to páálí mílíìkì. Ó fún mi ní àga. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ogún tí mo kọ́ Tósìn títí dé orí ìlà tí mo fà sórí ìwé. N kò bu iyọ̀ sí i. Ó ń to mílíìkì rẹ̀ lọ, kò dá mi dúró, títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

Ó wá ní, "Nọ́ọ̀sì àgbà, mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò kà á. Mo wà níbẹ̀. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kò sẹ́ni tó dúró ti ọmọ mi tó ìṣẹ́jú kan títí ẹ̀yin fi dé. Mo rò pé ẹ ò mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ kà á ni. Mo ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n má kọ́ yín. Ìdí tí mo fi tẹ̀ lé yín nínú oòrùn nìyẹn."

Oníbàárà kan béèrè ọṣẹ, ó ta á fún un, ó sì padà jókòó.

"Àṣé ẹ mọ̀. Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n máa gbé páálí kiri."

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Kò ní kí n dìde, kò ní òun ti dárí jì mí, kò sì lé mi. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo, bóyá wọ́n ń kà á báyìí ní ilé ìwòsàn yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n wá ròyìn ìṣẹ́gun, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n bi yín.